Ìbéèrè Tó Ṣáájú Ìjàǹbá: Àmì-Ẹ̀yẹ Pulitzer àti Àwọn Akọ̀ròyìn Tó Ń Kọ̀wé Nípa Bàálù

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, ọdún 2019, bàálù ilé-iṣẹ́ Ethiopian Airlines kan gbéra ní Addis Ababa, ó dorí kọ Nairobi. Ìṣẹ́jú mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó ti já lulẹ̀. Ènìyàn 157 ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tó yè é. Nílé wa níbí, orúkọ ọmọ Nàìjíríà méjì ni a gbọ́ láàárín àwọn tó kú: Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adésanmí, ọmọ Ìsánlú ní ìpínlẹ̀ Kogí, tó ń kọ́ni ní yunifásítì Carleton ní Kánádà, òǹkọ̀wé tí kálàmù rẹ̀ kì í bẹ̀rù ìjọba; àti Abíọ́dún Bashua, aṣojú orílẹ̀-èdè wa nígbà kan rí. Ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ni Adésanmí ń lọ. Ẹni ọdún 47 ni.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, oníkálukú ti ń béèrè ohun tó fà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ẹnì kan ti ń béèrè ṣáájú wa. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin kí bàálù yẹn tó gbéra, Dominic Gates, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn The Seattle Times, ti kọ kókó ìròyìn kan ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ Boeing tó ṣe bàálù náà, àti sí FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ìrìnnà òfurufú, pé kí wọ́n fèsì sí i. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ètò kọ̀ǹpútà kan tó wà nínú bàálù 737 MAX. Irú bàálù yìí kan náà ló ti já sínú òkun ní Indonéṣíà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, tó pa ènìyàn 189. Ìròyìn Gates kò tíì jáde nígbà tí èkejì já.

Ní ọdún 2020, iṣẹ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ Pulitzer. Mo ti ka ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ nípa àmì-ẹ̀yẹ yìí, ti lítíréṣọ̀ ni àwọn ará ilé wa sì sábà máa ń sọ. Èmi fẹ́ kí a wo apá ibòmíràn nínú ìtàn rẹ̀ lónìí, ìyẹn ti àwọn akọ̀ròyìn tó ń kọ̀wé nípa bàálù àti ohun èlò ogun, nítorí ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí ó kan ẹnikẹ́ni tó bá wọ bàálù rí.

Joseph Pulitzer, olówó ìwé ìròyìn tí wọ́n bí ní Họ́ńgárì, kú ní ọdún 1911, ó sì fi owó sílẹ̀ fún yunifásítì Columbia ní New York. Láti inú owó náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn akọ̀ròyìn àti òǹkọ̀wé ní àmì-ẹ̀yẹ ní ọdún 1917. Nínú gbogbo ìsọ̀rí rẹ̀, kò sí èyí tó ń jẹ́ ti bàálù tàbí ti ológun. Síbẹ̀, ìgbàkígbà tí mo bá wo àkójọ àwọn tó gbà á, ohun kan máa ń yà mí lẹ́nu: ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ohun náà gan-an ni ìwé ìròyìn tó tú àṣírí rẹ̀ ti sábà máa ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Fort Worth ní ìpínlẹ̀ Texas. Níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Bell ti ń ṣe hẹlikọ́pítà fún iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, lára wọn ni èyí tí ayé mọ̀ sí Huey, tí a máa ń rí nínú gbogbo fíìmù ogun Vietnam. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ní agbègbè náà ló ń jẹun láti ibẹ̀. Ní ọdún 1984, akọ̀ròyìn Mark Thompson kọ ọ̀wọ́ ìròyìn kan sínú Fort Worth Star-Telegram pé àléébù kan wà nínú bí wọ́n ṣe ya àwòrán hẹlikọ́pítà náà. Ọ̀pá kan ló gbé apá ńlá méjì tó ń yí lókè hẹlikọ́pítà ró. Bí hẹlikọ́pítà bá ṣe ìṣísẹ̀ kan lójijì lójú òfurufú, ìdí apá yìí lè máa gbá ọ̀pá náà títí ọ̀pá yóò fi ṣẹ́. Bí ọ̀pá bá ti ṣẹ́, kò sí ohun tí atukọ̀ lè ṣe mọ́. Thompson fi hàn pé àwọn ọmọ ogun tó bá àléébù yìí lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 250.

Ẹ fi ojú inú wo 250 òkú tí kò sí ogun tó pa wọ́n. Wọn kò kú lọ́jọ́ kan náà, wọn kò sì kú níbì kan náà. Ọ̀kan níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, ọdún dé, ọdún lọ. Ìjàǹbá kọ̀ọ̀kan lè dà bí àgbákò tó dá dúró. Ẹni tó kó wọn jọ, tó sì kà wọ́n, òun ló sọ wọ́n di ìròyìn. Iṣẹ́ tí ó le jù nínú iṣẹ́ wa nìyẹn, kò sì ní ariwo nínú.

Inú kò dùn ní Fort Worth. Àwọn òṣìṣẹ́ Bell rí ìròyìn náà gẹ́gẹ́ bí ìkọlù sí oúnjẹ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní àwọn kò ra ìwé ìròyìn náà mọ́. Mo mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń dún ní ọ́fíìsì olóòtú. Ẹ̀ka ìpolówó ni yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àgbà yóò ránṣẹ́ pè yín. Star-Telegram kò fà sẹ́yìn. Iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ dá Huey tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600 dúró kí wọ́n lè tún wọn ṣe, nígbà tó sì di ọdún 1985, ìwé ìròyìn náà gba Pulitzer fún iṣẹ́ ìsìn sí aráàlú, èyí tí wọ́n kà sí àgbà nínú gbogbo wọn.

Seattle ni ti ọdún 1997. Ìlú yẹn ni wọ́n ti dá Boeing sílẹ̀ ní ọdún 1916, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní Renton, ni wọ́n sì ti ń to bàálù 737 pọ̀. Bàálù 737 kan já ní Colorado Springs ní ọdún 1991, ènìyàn 25 kú. Òmíràn já lẹ́bàá Pittsburgh ní ọdún 1994, ènìyàn 132 kú. Àwọn olùṣèwádìí ìjọba wádìí ti àkọ́kọ́ títí, wọn kò rí ìdí rẹ̀ fi mọ́lẹ̀. Byron Acohido ti The Seattle Times tẹjú mọ́ ẹ̀yà kan tó wà ní òòró ìrù bàálù, tó ń yí imú rẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, ó sì kọ ọ́ síwájú ará ìlú Boeing pé ẹ̀yà yìí lè ṣe ohun tí atukọ̀ kò ní kí ó ṣe. Àmì-ẹ̀yẹ náà bọ́ sí i lọ́wọ́ ní ọdún 1997, FAA sì pàṣẹ àtúnṣe. Ní ọdún 1999 ni àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá wá sọ ní gbangba pé ẹ̀yà náà ló ṣeé ṣe kí ó há, kí ó sì yí sí òdìkejì ohun tí atukọ̀ fẹ́.

Bàálù 737 kan náà ni ọ̀rọ̀ tún padà sí lórí MAX. Nígbà tí Airbus gbé bàálù tí kì í jẹ epo púpọ̀ jáde ní ìparí ọdún 2010, Boeing kò fẹ́ kí àwọn oníbàárà rẹ̀ sá lọ. Dípò kí ó ṣe bàálù tuntun, ó fi ẹ́ńjìnnì tó tóbi sára 737 tó ti ń fò láti ọdún 1967. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì náà tóbi, iwájú àti òkè díẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, èyí sì lè mú kí imú bàálù gbé sókè jù nígbà mìíràn. Wọ́n wá fi ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní MCAS sí i, kí ó máa ti imú náà sílẹ̀. Àwọn atukọ̀ kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ MCAS nínú ìwé ìtọ́ni wọn kí bàálù Indonéṣíà tó já.

Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ikú Adésanmí, ìròyìn Gates jáde. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ àti àwọn tó ti fi í sílẹ̀, ni wọ́n bá a sọ̀rọ̀ láìdárúkọ ara wọn. Ìwé tí Boeing kọ fún FAA nípa ààbò MCAS sọ pé ètò náà lè yí ìrù bàálù ní dígírì 0.6. Ní tòótọ́, ó lè yí i ní 2.5. Ìwé náà kò ro ti pé ètò yìí lè tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lẹ́yìn tí atukọ̀ bá ti dá a dúró, kí ó sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Ní Indonéṣíà, ó lé ní ìgbà ogún tí atukọ̀ gbé imú bàálù náà sókè tí ẹ̀rọ tún tì í sílẹ̀. Ohun èlò kékeré kan ṣoṣo tó ń wọn bí imú bàálù ṣe gbé sókè tó ni MCAS sì gbára lé. Bí ẹyọ kan yẹn bá purọ́, ètò náà yóò gbà á gbọ́. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni pé FAA ti fi púpọ̀ nínú àyẹ̀wò náà lé Boeing fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń máàkì ìdánwò ara rẹ̀.

Gates, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò nígbà kan rí, pẹ̀lú Steve Miletich, Mike Baker àti Lewis Kamb, ni orúkọ wọn wà lára àmì-ẹ̀yẹ ìròyìn orílẹ̀-èdè ti ọdún 2020. Kì í ṣe àwọn nìkan. Ìgbìmọ̀ Pulitzer tún fi irú rẹ̀ fún àwọn akọ̀ròyìn ProPublica mẹ́ta tó kọ̀wé nípa ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà méjì tó kọlu ọkọ̀ ajẹmọ́wò ní ọdún 2017, tí ọmọ ogun 17 fi kú. Wọ́n fi hàn pé àwọn ọ̀gá ti gbọ́ ìkìlọ̀ tipẹ́ pé àárẹ̀ ti mú àwọn atukọ̀ jù, wọn kò sì gba ẹ̀kọ́ tó tó.

Mo fẹ́ sọ ohun kan níbí tó jẹ́ tèmi. Nígbà tí mo ṣì wà nínú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, mo jókòó níbi àsè kan tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti ń fún akọ̀ròyìn ní àmì-ẹ̀yẹ. Ilé-iṣẹ́ náà ni akọ̀ròyìn yìí ń kọ̀wé nípa rẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n fún un ní páálí àti owó, ó dúpẹ́, a pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà ní bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn ọkùnrin yẹn pẹ̀lú ojú mìíràn, mo sì rí i pé kò sí ìbéèrè kankan nínú rẹ̀. Owó Pulitzer kò ti ọ̀dọ̀ Bell tàbí Boeing wá, ìyàtọ̀ yẹn kò kéré rárá.

Síbẹ̀, n kò ní fi àmì-ẹ̀yẹ ṣe oògùn. Ní ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo sọ yìí, ẹ̀yìn ikú ni ó dé. Gates béèrè kí bàálù kejì tó já, ìbéèrè náà kò sì dá a dúró nílẹ̀. Ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 2019 ni Amẹ́ríkà tó ní kí MAX má fò mọ́, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ti ṣe bẹ́ẹ̀. Òkú ti di 346 nígbà náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, Boeing gbà láti san ohun tó lé ní bílíọ̀nù 2.5 dọ́là kí ìjọba Amẹ́ríkà lè dá ẹjọ́ rẹ̀ dúró.

Ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ọdún 2020 ni wọ́n kéde àmì-ẹ̀yẹ náà. Àrùn kòrónà ti sé gbogbo ilé mọ́, nítorí náà láti inú yàrá ìgbàlejò ilé rẹ̀ ni Dana Canedy, alámòójútó àmì-ẹ̀yẹ náà, ti ka orúkọ àwọn tó gbà á. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún náà, FAA fọwọ́ sí i pé kí MAX tún máa fò. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí MCAS nìyí: ohun èlò méjì ni yóò máa yẹ̀ wò báyìí, kì í ṣe ẹyọ kan, ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò lè ti imú bàálù sílẹ̀, kò ní lè tún un ṣe léraléra, agbára rẹ̀ kò sì ní ju èyí tí atukọ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ borí lọ. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìròyìn ọjọ́ 17, oṣù Kẹta. Ó ti pé ogún oṣù àti ọjọ́ mẹ́jọ tí bàálù Addis Ababa já.