Ọ́ìlì sìntẹ́tíìkì: ṣé lóòótọ́ ni mọ́tò lè rin 10,000 kí ẹ tó yí ọ́ìlì rẹ̀?

Láti ìgbà tí owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò sí ọgbọ́n tí onímọ́tò ò ta láti dín ìnáwó kù. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń tà á á ní, "Sìntẹ́tíìkì nìyí o, tẹ́ ẹ bá ti dà á sí i, ó di 10,000 kẹ́ ẹ tó padà wá." Mẹkáníìkì á ní irọ́ ni, 3,000 ni kẹ́ ẹ máa yí i. Ta ni ká wá gbọ́ tiẹ̀? Àwọn méjèèjì ní òótọ́ díẹ̀ lẹ́nu, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ ọ́ tán nínú wọn.

Ọ́ìlì tí a mọ̀ látilẹ̀, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń sẹ́ ẹ. Sísẹ́ yẹn kì í mú gbogbo ìdọ̀tí kúrò, àwọn èròjà inú rẹ̀ ò sì dọ́gba: òmíràn tètè ń jóná, òmíràn ń dì. Sìntẹ́tíìkì ní tiẹ̀, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti to èròjà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi kẹ́míkà tún ti epo rọ̀bì ṣe títí tó fi máa dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè jóná tàbí kó ki nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Kì í ṣe nǹkan àná. Àwọn ará Jámánì ti ń ṣe irú rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì torí pé epo rọ̀bì wọ́n wọn. Ní 1972 ni Amsoil ní Amẹ́ríkà gbé tiwọn fún mọ́tò jáde, Mobil 1 sì tẹ̀lé e ní 1974.

Ẹ má fi nọ́ńbà ara kẹ́ẹ̀gì mọ̀ ọ́n o. 5W-30 tàbí 20W-50 kò sọ pé sìntẹ́tíìkì ni tàbí kì í ṣe òun. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bó ṣe ń ṣàn nínú òtútù, èyí tó sì kẹ́yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Níbi tí òtútù ò ti ń sọ omi di yìnyín bíi Kábbà tiwa níbí, èyí tó kẹ́yìn ló kàn wá jù.

10,000 kí ni?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ìwé Toyota ní Amẹ́ríkà sọ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn tó ń lo sìntẹ́tíìkì 0W-20 lè rin 10,000 máìlì tàbí kó lo oṣù 12. Máìlì o! Ìyẹn jẹ́ 16,000 kìlómítà. Tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, máìlì ni mítà rẹ̀ ń kà. Èyí tó wá láti Bẹ́ljíọ̀mù tàbí Jámánì, kìlómítà ni. Tí mẹkáníìkì bá ní ẹ padà wá ní 5,000, tí mítà yín sì ń ka máìlì, 8,000 kìlómítà lẹ máa rìn láìmọ̀.

Ìwé Toyota kan náà yẹn tún sọ pé fún ọkọ̀ tó ń rin ọ̀nà eléruku, tó ń gbé ẹrù wúwo tàbí tó ń ṣe takisí, 5,000 máìlì ni kí wọ́n máa yí i. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ wo ló wà ní Kábbà tí ò sí nínú mẹ́ta yẹn? Títì kọnkéré 43 kìlómítà láti Ọbájànà sí Kábbà ti dín wàhálà kù, àmọ́ ẹ yà sí ọ̀nà oko, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé, kẹ́ ẹ wá ṣí ilé fíltà afẹ́fẹ́ yín wò. Eruku tó bá gbabẹ̀ kọjá, inú ọ́ìlì ló ń parí sí, bíi yanrìn ló sì ń ha irin. Sìntẹ́tíìkì ò lè yọ yanrìn kúrò.

Oṣù náà ṣe pàtàkì. Takisí tó ń lọ Ọbájànà tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, 172 kìlómítà nìyẹn. Á pé 5,000 láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 29. Tíṣà tó ń wakọ̀ 6 kìlómítà péré lójúmọ́, á lé ní ọdún 2 kó tó pé iye yẹn. Ṣé kó wá dúró dè é? Rárá. Ìrìn kúkúrú kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná tó láti lé omi àti epo tó jò sínú ọ́ìlì jáde.

Lójú tèmi, 5,000 kìlómítà tó fún ọ́ìlì lásán. Ojúlówó sìntẹ́tíìkì lè dé 8,000 tàbí oṣù 6, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé, tí fíltà ọ́ìlì bá jẹ́ tuntun, tí fíltà afẹ́fẹ́ sì mọ́. 3,000 ti mẹkáníìkì ò burú fún ẹ́ńjìnì tó ti gbó, owó ló kàn ń jẹ.

Ohun tó ṣe Camry àti Sienna

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó wo ọ̀rọ̀ Toyota fúnra wọn. Àwọn ẹ́ńjìnì kan tí wọ́n ṣe láàárín 1997 sí 2002, tó wà nínú Camry, Sienna àti Lexus RX300, ọ́ìlì inú wọn ń dì bíi ògì dúdú. Toyota ní àwọn tó ni ọkọ̀ ni kì í yí ọ́ìlì lásìkò. Àwọn onímọ́tò ní àwọn ń yí i. Nígbà tó di 2002, Toyota gbà láti tún ẹ́ńjìnì tó bá ní ìṣòro yìí ṣe fún ọdún 8, ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà sì kàn tó mílíọ̀nù 3.3. Àwọn ọkọ̀ yìí ṣì ń ná ojú ọ̀nà wa lónìí. Ẹni tó bá ní ọ̀kan, kó má ṣe bá ẹnikẹ́ni du 10,000.

Ní ti owó, tí sìntẹ́tíìkì bá jẹ́ ìlọ́po méjì owó ọ́ìlì lásán, tó sì rin 8,000 dípò 5,000, ẹ ò tíì jèrè lórí ọ́ìlì fúnra rẹ̀. Owó fíltà àti owó iṣẹ́ tẹ́ ẹ yọ nìkan ni èrè, pẹ̀lú ìsinmi tí ẹ́ńjìnì rí. Kí ẹ sì tó sanwó, ẹ wo ẹ̀yìn kẹ́ẹ̀gì fún lẹ́tà API. SP, tó jáde ní 2020, àti SN dára. Tẹ́ ẹ bá rí SA, ẹ dá a padà: API fúnra wọn ní kò yẹ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1930. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n láti inú dúrọ́ọ̀mù, tí kò ní lẹ́tà kankan, ẹ má dán an wò, ì báà pupa bí oyin.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ọ́ìlì mọ́tò kọ́ ni tiyín. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni kílọ́ọ̀ṣì Boxer wà, àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan sì máa ń mú kó yọ̀. JASO MA ni kẹ́ ẹ wá lára kẹ́ẹ̀gì.

Bí ọ́ìlì bá dúdú, ìyẹn nìkan ò ní kó ti bàjẹ́. Ìdọ̀tí tó ń fọ̀ ló gbé sára. Tó bá funfun bíi tíì oní mílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́, mẹkáníìkì ló kàn lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ewu tó tóbi jù nínú kí ọjọ́ yíyí jìnnà ni pé èèyàn á gbàgbé géèjì. Camry 2007 sí 2009, èyí tí a ń pè ní Muscle, tó ní ẹ́ńjìnì 2.4, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń jẹ ọ́ìlì. Toyota ní Amẹ́ríkà ní tó bá ń jẹ nǹkan bíi líta kan láàárín 1,200 máìlì, kí wọ́n gbé e wá fún àtúnṣe. 1,200 máìlì ò tó 2,000 kìlómítà. Ẹ́ńjìnì yẹn ò gbà ju líta mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá fi rin 8,000 kìlómítà láìfi kún un, díẹ̀ ló máa kù ní ìsàlẹ̀, bó ti wù kí ọ́ìlì náà wọ́n tó. Ẹ máa fa géèjì yọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó ṣáná, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú.