Àdéhùn láàárín Orílẹ̀-èdè
Oríṣi méjì ni àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè: èyí tó de àwọn tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, tí ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ ti rú òfin àgbáyé, àti ìpinnu àjọsọ, tí kì í ṣe òfin, tó jẹ́ pé ìtìjú àti iyì ló ń gbé e ró. Kì í ṣe orúkọ tó wà lórí ìwé ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, bí kò ṣe ohun tí àwọn tó ṣe é ní lọ́kàn.

Irú ti àkọ́kọ́ ni àdéhùn àlàáfíà 1886 lórí ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó ṣe alárinà rẹ̀, tí àwọn olóyè fi àmì sí dípò ìbuwọ́lù. Ó fi Ọ̀tan àti àwọn ìlú bí Àdá àti Ìgbájọ sábẹ́ Ìbàdàn, ó sì gba ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ láyè láti kó kúrò. Síbẹ̀, pé àdéhùn de àwọn tó ṣe é kò sọ pé wọn yóò pa á mọ́: àdéhùn kan náà ní kí Modákẹ́kẹ́ ṣí kúrò ní Ifẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì kọ̀ jálẹ̀.

Ní Nàìjíríà òde òní, abala 12 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 kò fún àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè, bó tilẹ̀ de ìjọba, ní agbára òfin nílé àyàfi tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Àgbáyé ti 1948, ní tirẹ̀, irú kejì ni: ìpinnu àjọsọ lásán ni nígbà tí wọ́n ṣe é.