Ibi Tí Àwọn Baba Wa Gbà Wọ Freetown

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ju ọ̀nà ilé sí ìsọ̀ lọ ní ìlú Freetown yìí. Àwọn ọmọ tí a bí síbí sì rò pé àwa ni Yorùbá tó kọ́kọ́ débí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn Connaught ni ẹnu ọ̀nà olókùúta kan wà, King's Yard Gate ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń mú ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ wá síbí. Wọ́n ju 80,000 ènìyàn lọ. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń gbà wọ àgbàlá tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Yorùbá pọ̀ púpọ̀ nínú wọn, ogun abẹ́lé ló sọ wọ́n dẹrú. Àjàyí ará Òṣogùn, tó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, dé Freetown ní oṣù kẹfà 1822.

Nítorí pé “ẹ kú” kì í kúrò lẹ́nu wọn, Aku ni wọ́n ń pè wọ́n. Títí di òní, bí àwọn Kírió bá ń sọ ọmọ lórúkọ, komojade ni wọ́n ń pè é. Ẹ tún un pè wò: kó ọmọ jáde! Eégún wọn náà ń jáde.

Ohun tó ń dùn wá ni bí àwọn ibi yìí ṣe ń parẹ́. Fourah Bay, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1827, tí Crowther wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, ilé rẹ̀ àtijọ́ ní Cline Town jóná ní 1999. Àràbà ńlá àárín ìgboro, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Cotton Tree, wó nínú òjò ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 2023. Àwa tí a máa ń sọ pé àràbà ò wó mọ́, ojú tìrókò!

Àwọn òkè tó yí wa ká náà ńkọ́? Nítorí wọn ni àwọn Potogí ṣe pe ilẹ̀ yìí ní òkè kìnnìún ní 1462. Igbó orí wọn ló ń pa omi tí à ń mu mọ́, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tọ́jú àwọn ìnàkí ní Tacugama láti 1995. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gé igi, wọ́n ń kọ́lé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2017, òkè ya lulẹ̀ ní Regent, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 1,000.

Erékùṣù Bunce, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣòwò ẹrú láti nǹkan bí 1670, wà nínú odò yìí kan náà, àwókù ilé nìkan ló kù síbẹ̀.

Àbá wa ni pé, nígbà ìsinmi ilé-ìwé tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ gba bọ́ọ̀sì kan fún àwọn ọmọ. King's Yard láàárọ̀, Cline Town tẹ̀ lé e, kí wọ́n wá jẹun ọ̀sán ní etíkun Number Two, níbi tí iyanrìn ti funfun báláú lẹ́sẹ̀ òkè. Kí òbí tó bá fẹ́ fi orúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé.