Àpò Kámẹ́rà ní Ilé-Ifẹ̀

Bí ẹ bá rí onífọ́tò tó gbá báàgì mọ́ra bí ọmọ tuntun, ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní 1910 tó ń wá ère, ọ̀pọ̀ onífọ́tò ṣì ń lo kámẹ́rà onígi, orí dígí ni àwòrán sì ń wà. Bí àpótí bá já bọ́, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Ní 1929, àwọn ará Jámánì gbé Rolleiflex jáde, èyí tó ṣeé gbé kọ́ ọrùn. Òun ni Pierre Verger, Fátúmbí ará Faransé, fi ya ọ̀pọ̀ àwòrán ilẹ̀ Yorùbá, kó tó wá ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970. Fíìmù rẹ̀ tó lé ní 60,000 wà ní Salvador, ní Brazil, dòní.

Ọ̀tá méjì ni kámẹ́rà ní nílùú wa: eruku ọyẹ́ àti ọ̀rinrin òjò. Àpò awọ dùn ún wò lóòótọ́, àmọ́ bí òjò bá pọ̀, awọ a máa bu, á sì ran dígí kámẹ́rà. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Báàgì aṣọ líle tó ní fóòmù, tómi kì í wọ̀, ló dáa jù. Ẹ ju àpò kékeré tó ń fa omi mu, irú tinú páálí bàtà, sí i.

Kámẹ́rà ṣeé rà padà. Àwòrán bàbá tó ti kú kò ṣeé tún yà.