Ohun Tó Pa Àwòrán Ìgbà Òtútù ní Nẹ́dálándì

Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ojú ọjọ́ ló bí àwòrán ìgbà òtútù ní Nẹ́dálándì, òun náà ló sì pa á. Ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀. Òtútù líle ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jà ní Yúróòpù nígbà tí Pieter Bruegel ya àwọn ọdẹ tó ń ti oko bọ̀ nínú òjò dídì ní ọdún 1565. Ní nǹkan bí ọdún 1608, nígbà tí Hendrick Avercamp, odi tó gbé ní ìlú Kampen, ń ya ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tó ń fi bàtà onírin sáré lórí omi dídì, ohun tí ojú rẹ̀ rí ló ń yà. Ìdajì kejì ni kò dúró. Òtútù ọdún 1709 àti ti 1740 wà lára èyí tó le jù lọ nínú ìtàn Yúróòpù, síbẹ̀ kò tún sí ọ̀wọ́ ayàwòrán bíi ti ìṣáájú. Ìdí mìíràn wà, ó sì wà nínú bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà àti bí wọ́n ṣe ń tà á.

Lórí pákó igi óákù ni wọ́n sábà máa ń ya àwọn àwòrán wọ̀nyí. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹfun tí wọ́n pò mọ́ oje awọ ẹran dí ojú igi náà kí ó lè jọ̀lọ̀. Ọ̀dà tó tẹ̀lé e kì í nípọn. Jan van Goyen ló lo ọ̀nà yìí tayọ. Àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ eérú àti funfun ló fi ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń kun ọ̀dà lé ọ̀dà tí kò tíì gbẹ, ó sì ń jẹ́ kí àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ hàn gbà á kọjá. Ojú ọ̀run nìkan lè gba ìdá méjì nínú mẹ́ta àwòrán. Iṣẹ́ ń yá, owó rẹ̀ kò ga, oníṣòwò kékeré sì lè rà á kọ́ sára ògiri. Àwọn ọmọṣẹ́ a máa lọ ọ̀dà lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, lábẹ́ òfin Ẹgbẹ́ Lúùkù Mímọ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán. Ọwọ́ ni ìmọ̀ yìí ti ń bọ́ sí ọwọ́.

Ọjà tó gbé e ró ni ó kọ́kọ́ mì. Van Goyen kú nínú gbèsè ní 1656. Aert van der Neer, ọ̀gá nínú yíya ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ lórí yìnyín, ṣí ilé ọtí, gbèsè sì wó o ní 1662. Àwòrán àtijọ́ kún ọjà, ó ń bá tuntun du oníbàárà. Ní 1672, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti orílẹ̀-èdè náà. Ọjà àwòrán wó lulẹ̀. Níbi tí ọ̀gá kò ti rí jẹ, ọmọṣẹ́ kì í pẹ́. Andreas Schelfhout jí irú iṣẹ́ náà dìde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n okùn tó so ọ̀gá mọ́ ọmọṣẹ́ ti já tipẹ́.

Ìpàdánù kejì ṣì ń lọ lọ́wọ́. Smalt, gíláàsì tí wọ́n fi kóbáltì pa láró kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ kúnná, ni búlúù olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀pọ̀ wọn lò fún ojú ọ̀run. Nínú epo, àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣá di eérú, kò sì sí àtúnṣe tó lè dá a padà. Èyí dunni ju gbèsè àwọn ọ̀gá náà lọ, nítorí àwọ̀ òfuurufú tí wọ́n kùn ti kúrò nínú iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá dúró níwájú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lónìí, kí ó má yára sọ pé ayàwòrán náà kò mọ̀ ju àwọ̀ eérú lọ.