Wúrà tí wọ́n pè ní ọ̀lẹ

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìtàn tòní gùn díẹ̀, ẹ wá ibi jókòó sí. Ìtàn wúrà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ṣéènì àti òrùka o. Ti ọ̀gbẹ́ni kan ní Jàpáànù ni, Masatake Haruta, onímọ̀ kẹ́mísírì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣèwádìí wúrà tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí catalyst jẹ́, torí láìsí i, ìyókù ò ní yé wa. Ẹ mọ alárinà nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Òun ló ń mú àwọn méjì tí ì bá kọjá lára ara wọn pàdé. Tí wọ́n bá ti mojú ara wọn tán, á yẹ̀ba, á tún lọ so ẹlòmíràn pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni catalyst. Ó ń jẹ́ kí èròjà méjì tètè para pọ̀ di nǹkan mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ò sì ní tán síbẹ̀. Platinum inú páìpù èéfín mọ́tò, alárinà ni. Irin tí wọ́n fi ń ṣe ammonia fún ajílẹ̀, alárinà ni.

Wúrà ńkọ́? Ọ̀lẹ ni, àwọn onímọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò sì jẹ̀bi rárá. Ṣebí ohun tó jẹ́ ká fẹ́ràn wúrà ni pé kì í dípẹtà? Yẹtí wúrà tí màmá àgbà fi sílẹ̀ ṣì ń dán bíi tàná. Alárinà gbọ́dọ̀ lè di àwọn méjèèjì lọ́wọ́ mú fún ìgbà díẹ̀. Wúrà tí kì í dá afẹ́fẹ́ lóhùn, tí kì í dá omi lóhùn, ta ni yóò bá ṣe alárinà?

Haruta gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Kyoto ní 1976, ó sì bọ́ sí ilé ìwádìí ìjọba kan ní Osaka. Ibẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí wọ́n ń wá catalyst tó lè so carbon monoxide pọ̀ mọ́ ọ́síjìn láìsí pé wọ́n ń dáná sí i.

Carbon monoxide. Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Gáàsì tó ń pa odidi ìdílé mọ́jú nìyẹn, tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ tí wọ́n sì ti fèrèsé pa. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Tó bá gba ọ́síjìn díẹ̀ sí i, á di carbon dioxide, èyí tí gbogbo wa ń mí síta. Àmọ́ àwọn méjèèjì lè jọ wà nínú yàrá kan di ọ̀la láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Alárinà kan ti wà fún wọn láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní, hopcalite, tí wọ́n ń kó sínú ìbòjú agbógunti-gáàsì. Àléébù rẹ̀ ni omi. Tí ọ̀rinrin bá ti kàn án, iṣẹ́ tán.

Ohun tí àwọn Haruta ṣe rèé. Wọ́n yọ́ iyọ̀ wúrà àti iyọ̀ irin sínú omi kan náà, wọ́n wá lo sodium carbonate tó jẹ́ kí méjèèjì jọ rọlẹ̀ pọ̀, bí ògì ṣe ń rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí omi á tòrò lókè. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n yan án. Ohun tó kù ni ìyẹ̀fun ìdípẹtà irin, tí hóró wúrà tí kò tó nanometer 10 lẹ̀ mọ́ káàkiri. Tẹ́ ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni nanometer.

Wúrà yẹn ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n -70°C! Fíríísà ilé wa kì í sábà kọjá -18 o. Ọ̀rinrin ò sì dí i lọ́wọ́. Ọdún 1987 ni ìwé wọn jáde nínú Chemistry Letters.

Kí ló dé tí àwọn tó ti dán wúrà wò ṣáájú ò rí i? Lójú tèmi, ibí yìí ló dùn jù. Ọ̀pọ̀ wọn kàn ń rẹ ìyẹ̀fun sínú omi wúrà ni, tí wọ́n á sì sun ún. Wúrà á kóra jọ di hóró ńláńlá, hóró ńlá ni ọ̀lẹ lóòótọ́. Nínú hóró ńlá, inú lọ́hùn-ún ni púpọ̀ nínú átọ́ọ̀mù ń sá pamọ́ sí. Nínú hóró kékeré, ìta ni púpọ̀ wọn wà, ní etí àti igun.

Ní 1992, wọ́n fi wúrà yìí sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní Jàpáànù kó lè máa pa òórùn. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo gbà. Wúrà, nínú ṣáláńgá!

Ẹ má rò pé Haruta nìkan ló gbà pé wúrà wúlò o. Ní 1985, Graham Hutchings, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg (ìlú tí wọ́n tìtorí wúrà tẹ̀ dó!), kọ ọ́ pé wúrà ni alárinà tó máa dára jù fún ṣíṣe èròjà tí wọ́n fi ń ṣe páìpù PVC láti ara acetylene. Mẹ́kúrì ló ń ṣiṣẹ́ yẹn, májèlé kan náà tí wọ́n ń kìlọ̀ rẹ̀ fún wa nínú ìpara ìbóra. Ó tó bí ọgbọ̀n ọdún kí wúrà tó wọ ilé iṣẹ́ fún un ní China.

Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀: ibo gan-an lára hóró ni iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀? Haruta, tó ti wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Tokyo Metropolitan, ní etí ibi tí wúrà ti fara kan ìyẹ̀fun abẹ́ rẹ̀ ni. Ní 1998, àwọn Goodman ní Texas fi hàn pé lórí titanium oxide, hóró tó bíi nanometer 3 ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ní 2008, àwọn ẹgbẹ́ Hutchings fi microscope wo ti orí ìdípẹtà irin, wọ́n ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gidi ni àwọn tí kò ju bí átọ́ọ̀mù 10 lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń bá a fà títí dòní.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìtàn Hutchings àti mẹ́kúrì ní kíkún, ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀.