Àyè Àtikọ

"Kò gbà mí láyè." Báyìí ni àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, ṣe ń sọ ọ́ bí fáìlì tó wà lórí dráìfù àjọlò bá ṣí fún wọn, tí wọ́n kà á tán, àmọ́ tó kọ̀ kí wọ́n fi àtúnṣe pamọ́. Ìwé ètò ìsìnkú ni, wọ́n ṣi orúkọ olóògbé kọ, ẹbí ti dúró.

Inú gbólóhùn yẹn gan-an ló yẹ ká ti fa ọ̀rọ̀ tí a ó máa fi pe "permission" yọ. "Àṣẹ" ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa sáré mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ alábòójútó sáfà, kọ̀ǹpútà tó gbé dráìfù náà, ni àṣẹ wà. Àyè ni òṣìṣẹ́ ń gbà: àyè àtikà, àyè àtikọ, àyè àtiparẹ́.

Lórí Windows, ibi méjì ni wọ́n ti ń yẹ àyè wò. Ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà agboolé kọjá ní Bẹ́yẹrunkà kò tíì wọ yàrá ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, mo pe ti dráìfù tí wọ́n ṣí fún àjọlò ní àyè ẹnu ọ̀nà, mo sì pe ti fólídà fúnra rẹ̀ ní àyè yàrá. Bí méjèèjì bá yàtọ̀, èyí tó le jù ló ń borí. Ẹ jókòó sídìí sáfà gan-an, kí ẹ lo orúkọ ẹni tí wọ́n dí lọ́nà, kí ẹ ṣí fólídà náà níbẹ̀ tààrà: bó bá gbà yín láyè àtikọ, ẹnu ọ̀nà ni ìṣòro wà, torí ẹni tó wà nínú ilé kì í gba ẹnu ọ̀nà.

Àìsí àyè yàtọ̀ sí èèwọ̀, ìyẹn "Deny". Bí wọ́n bá ti kọ èèwọ̀ sórí fólídà náà fún ẹnìkan, àyè tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kò lè gbà á sílẹ̀. N kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá "Deny" mu tó èèwọ̀.

"Ogún" ni n kò fara mọ́ fún àyè tí fólídà kékeré ń gbà lára ńlá. Ogún kì í dọ́wọ́ ọmọ nígbà tí bàbá ṣì wà láyé, bẹ́ẹ̀ fólídà òkè ṣì wà. Bí wọ́n bá yí tirẹ̀ padà, ti ìsàlẹ̀ á yí. Àyè àtòkèwá ló yẹ ẹ́.

Ní 1984, *Èdè-Ìperí Yorùbá* tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ti ṣe irú iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí fún ìmọ̀ èdè. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà náà tọ́ sí i. Bí ọmọ iṣẹ́ bá lè sọ lórí fóònù pé, "Ọ̀gá, àyè yàrá wà, ti ẹnu ọ̀nà ni kò sí," ọ̀gá á ti mọ ibi tó máa tẹ̀ kó tó kúrò ní Mápó.